Bí Òṣìṣẹ́ Bá Buwọ́ Lu Ìwé Àdéhùn, Ǹjẹ́ Ó De Ilé-iṣẹ́? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Bá Ilé-iṣẹ́ Ṣòwò

Ìbuwọ́lùwé òṣìṣẹ́ lè de ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ẹni náà ń gba owó oṣù níbẹ̀. Ohun tó ń de ilé-iṣẹ́ ni àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbé lé ẹni náà lọ́wọ́, tàbí bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, débi pé ẹni tó bá rí i yóò gbà pé ó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Níbi tí méjèèjì kò bá sí, ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ kò ju ìwé tí ẹnì kan kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lọ, bó ti wù kí òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ pọ̀ tó.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń kó ọjà fún ilé-iṣẹ́, ẹni tó ń gba iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì àti onílé tó ń fi ilé ìkẹ́rùsí háyà, tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó náwó bóyá ẹni tó jókòó níwájú wọn lè fi bírò rẹ̀ de ọ̀gá rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ni mo gbé ọ̀rọ̀ kà, pàápàá òfin àwọn ilé-iṣẹ́ tí gbogbo lọ́yà ń pè ní CAMA, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 láti rọ́pò ti ọdún 1990.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa padà sí. Ilé-iṣẹ́ kan tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka kan ní Ìbàdàn. Máníjà ẹ̀ka Ìbàdàn ra dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó sì tún gba ilé ìkẹ́rùsí lọ́wọ́ onílé kan fún ọdún 5. Òun nìkan ló buwọ́ lu ìwé méjèèjì. Nígbà tí owó tó san, Ìkẹjà ní àwọn kò rán an níṣẹ́. Oníṣòwò dísẹ́ẹ̀lì àti onílé yìí kò dúró síbì kan náà lójú òfin, a ó sì rí ìdí rẹ̀ bí a ṣe ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò ní ti gidi

Ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpánì, tí orúkọ rẹ̀ ń parí pẹ̀lú Limited tàbí Plc, jẹ́ ẹni kan lọ́tọ̀ lójú òfin. Ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Orúkọ òwò lásán, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN, kì í ṣe ẹni lọ́tọ̀. Ẹni tó ni òwò náà gan-an ni ẹ bá dá àdéhùn, òun náà ni ẹ ó sì mú bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ Ltd sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé orúkọ òwò ni wọ́n ní.

Orí íkànnì CAC ni ẹ ti lè wá orúkọ àti nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Bí owó tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ bá pọ̀, ẹ san owó gba Status Report lọ́dọ̀ CAC, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí orúkọ àwọn olùdarí àti ti akọ̀wé ilé-iṣẹ́. Ẹ tọ́jú ìwé yìí dáadáa. Orúkọ tó bá wà níbẹ̀ ní agbára tí orúkọ orí káàdì kò ní.

Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ìforúkọsílẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé kò tíì sí ilé-iṣẹ́ tí ìbuwọ́lùwé ẹnikẹ́ni lè dè. Abala 96 CAMA gbà kí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti dá a sílẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó buwọ́ lùwé ni yóò ru ẹrù náà fúnra rẹ̀, àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti jọ ṣàdéhùn pé kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ipò tí ẹni náà wà nínú ilé-iṣẹ́

Abala 89 dárúkọ àwọn mẹ́ta tí ìṣe wọn jẹ́ ìṣe ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ìpàdé gbogboogbò àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí, àti MD, ìyẹn olùdarí àgbà, nígbà tó bá ń ṣe òwò ilé-iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Bí MD bá buwọ́ lu ìwé rírà dísẹ́ẹ̀lì, ilé-iṣẹ́ ló buwọ́ lù ú. Ohun tó lè ba èyí jẹ́ ni kí ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é, tàbí kí ìbátan yín pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ irú èyí tó yẹ kó ti jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé òfin kò dárúkọ olùdarí kan ṣoṣo tí kì í ṣe MD. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣubú, nítorí wọ́n gbà pé ẹnikẹ́ni tí a bá ti ń pè ní díréktọ̀ ti tó tán. Ìgbìmọ̀ ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré yàtọ̀ díẹ̀, nítorí òfin ọdún 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpánì aládàáni sílẹ̀, ó sì gbà kí ilé-iṣẹ́ kékeré ní olùdarí kan péré. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni yẹn náà ni ìgbìmọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí oyè tí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ rú yín lójú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Director of Marketing lè máà sí nínú ìgbìmọ̀ rárá, kí ó jẹ́ pé oyè iṣẹ́ lásán ni. L'Ékòó, káàdì rọrùn láti tẹ̀ ju àṣẹ lọ.

Gbogbo àwọn yòókù, ìyẹn máníjà ẹ̀ka, akáǹtáǹtì, ẹni tó ń bójú tó ọjà rírà, sẹ́kírítírì àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, wà lábẹ́ abala 90. Ohun tí abala yìí sọ ni pé ìṣe wọn kì í ṣe ìṣe ilé-iṣẹ́, àyàfi bí ilé-iṣẹ́, nípasẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a kọ́kọ́ dárúkọ, bá ti fún wọn láṣẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, ní tààrà tàbí lọ́nà tí a lè fòye mọ̀, tàbí bí ó bá ti fi wọ́n hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní àṣẹ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tọ ipasẹ̀ àṣẹ náà dé ibi tó ti wá

Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ wà. Àṣẹ tó ṣe tààrà kò ṣòro láti mọ̀: lẹ́tà tí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, ìpinnu ìgbìmọ̀ olùdarí, tàbí ìwé inú ilé-iṣẹ́ tó sọ pé máníjà ẹ̀ka lè ra ọjà tí iye rẹ̀ kò kọjá báyìí-báyìí. Bí wọ́n bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn yín, tí ẹ sì rí i pé òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àṣẹ tí a ń fòye mọ̀ ni èyí tó bá iṣẹ́ rìn. Ẹni tí wọ́n fi ṣe máníjà ẹ̀ka, tí wọ́n ní kí ẹ̀ka náà máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ti gba àṣẹ ohun tí ẹ̀ka kò lè ṣe kí ó máà lò. Kò sẹ́ni tó máa fi èèyàn sí Ìbàdàn kí ó máa darí ọ́fíìsì, kí ó tún ní kò gbọ́dọ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ jókòó. Ọgbọ́n tí Yorùbá ní kí a fi jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bíi tọmọ ni òfin náà fi wo ọ̀rọ̀ yìí: iṣẹ́ tí a rán ni máa ń gbé ìwọ̀n òye díẹ̀ lé ẹni tí a rán lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí oníṣòwò dísẹ́ẹ̀lì fi dúró dáadáa.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù, ìyẹn ni pé kí ilé-iṣẹ́ má fún ẹni náà láṣẹ rárá, ṣùgbọ́n kí ó ti fi í hàn bí ẹni tó ní in. Ẹjọ́ kan wà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1964, Freeman & Lockyer v Buckhurst Park Properties. Ilé-iṣẹ́ kan tó ra ilẹ̀ láti tà ní olùdarí kan tó ń ṣe bí MD, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ kò yàn án sí ipò náà rí. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣe é, wọ́n sì ń wò ó. Ó gba àwọn ayàwòrán-ilé síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n béèrè owó wọn, ilé-iṣẹ́ ní àwọn kò fún un láṣẹ. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san án, nítorí bí ìgbìmọ̀ ṣe fi í sílẹ̀ kó máa ṣe MD ni wọ́n ṣe sọ fún gbogbo ayé pé MD ni. Ní ọdún 1971, nínú ẹjọ́ Panorama Developments v Fidelis Furnishing Fabrics, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan ló ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ háyà ọkọ̀ olówó ńlá, tó sì ń fi wọ́n ṣe fàájì ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló san owó náà. Adájọ́ Lord Denning sọ pé akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òde òní kì í ṣe ọmọ ọ́fíìsì tó kàn ń kọ ìwé ìpàdé, àti pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ipò rẹ̀ lè ṣe. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa kò sí lábẹ́ irú ìdájọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé wọn yẹ̀ wò, ohun tí abala 90 àti 93 sọ kò sì jìnnà sí wọn.

Ẹjọ́ kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju méjì tó ṣáájú lọ. Nínú Armagas v Mundogas, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà parí ní ọdún 1986, máníjà kan buwọ́ lu àdéhùn háyà ọkọ̀ ojú omi fún ọdún 3. Àwọn tó bá a ṣòwò mọ̀ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ju agbára ipò rẹ̀ lọ, àmọ́ ó sọ fún wọn pé òun ti gba àṣẹ lókè, wọ́n sì gbà á gbọ́. Irọ́ ni. Wọ́n pàdánù, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu ilé-iṣẹ́ náà jáde. Ẹnu ẹni tí kò ní àṣẹ ni wọ́n ti gbọ́ pé ó ní àṣẹ. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, MD ti mọ̀ sí i," gbólóhùn yẹn kò ní ìwúwo kankan níwájú adájọ́, àyàfi bí MD fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ tàbí tó hùwà tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ onílé wa nìyí gan-an. Gbígba ilé fún ọdún 5 kì í ṣe ohun tí máníjà ẹ̀ka máa ń dá ṣe. Ohun tó kù fún un ni kí ó wá ohun tí Ìkẹjà ṣe: ṣé wọ́n rán ẹnikẹ́ni wá wo ilé náà? Ṣé owó ọdún kìíní jáde láti inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́? Ṣé lẹ́tà kankan wá láti olú-iléeṣẹ́ tó mẹ́nu kan ilé náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà sí rere.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ ohun tí òfin gbà kí ẹ gbà gbọ́ láìbéèrè

Láti ìgbà ẹjọ́ Royal British Bank v Turquand ní ọdún 1856 ni òfin ti ń dáàbò bo àlejò tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣòwò. Kì í ṣe iṣẹ́ yín láti wọ inú ilé-iṣẹ́ lọ wò bóyá wọ́n pe ìpàdé bó ṣe yẹ. Abala 93 CAMA gbà yín láàyè láti gbà pé wọ́n ti tẹ̀ lé ìlànà inú ilé-iṣẹ́, pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní CAC gẹ́gẹ́ bí olùdarí, MD tàbí akọ̀wé ni wọ́n yàn lóòótọ́, àti pé ó ní agbára tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní nínú irú òwò bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú tí ilé-iṣẹ́ fi hàn fún yín wọ inú ààbò yìí pẹ̀lú. Abala 92 tún fi kún un pé a kò lè sọ pé ẹ mọ ohun kan kìkì nítorí pé ìwé rẹ̀ wà ní CAC.

Abala 94 ló máa ń ya àwọn olówó ilé-iṣẹ́ lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí débi pé ilé-iṣẹ́ yẹ kó dáhùn fún ìṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò lè sá nítorí pé òṣìṣẹ́ náà lu jìbìtì tàbí pé ó fi ayédèrú ìbuwọ́lùwé sínú ìwé. Ẹ má ṣì í gbọ́: abala yìí kò sọ ayédèrú di òótọ́. Bí ẹni tó kọ ìwé náà kò bá ní àṣẹ kankan, tí ilé-iṣẹ́ kò sì fi í hàn rí, asán ni.

Ààbò yìí ń já nígbà tí ẹ bá mọ òtítọ́, tàbí nígbà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ṣe akáǹtáǹtì fún ilé-iṣẹ́ yẹn rí, ẹ mọ iye tí máníjà lè ná. Bí ó bá wà lára LPO wọn, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń béèrè ọjà, pé ìwé náà kò wúlò láìsí ìbuwọ́lùwé ẹni méjì, tí ẹ sì gba èyí tí ẹnì kan buwọ́ lù, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fa ààbò náà ya. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ kéékèèké ìsàlẹ̀ LPO.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ ìwé náà wò kí ẹ tó gbé bírò

Orúkọ ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé bó ṣe wà ní CAC, pẹ̀lú nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpánì. Lábẹ́ ìbuwọ́lùwé, kí a rí orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú, ipò rẹ̀, àti gbólóhùn tó fi hàn pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ló fi ń ṣe é. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ kò nílò èdìdì. Láti ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ lè pinnu láti má ní èdìdì rárá. Òǹtẹ̀ rọ́bà tí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ títì lè ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan kò fi nǹkan pàtàkì kún ìwé, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti inú ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, òfin dúkìá ọdún 1959 ní kí ìwé gbígba ilé tó ju ọdún 3 lọ jẹ́ irú èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní deed, ìyẹn ìwé tí a gbọ́dọ̀ buwọ́ lù lọ́nà pàtàkì tí òfin là sílẹ̀. Nígbà náà, ẹni méjì nínú àwọn olùdarí, tàbí olùdarí kan pẹ̀lú akọ̀wé ilé-iṣẹ́, tàbí olùdarí kan níwájú ẹlẹ́rìí tó buwọ́ lùwé pẹ̀lú rẹ̀, ni abala 102 CAMA fẹ́ rí. Bí aṣojú bá máa buwọ́ lu deed fún ilé-iṣẹ́, deed ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi yan òun náà. Ìwé ọdún 5 tí máníjà Ìbàdàn dá buwọ́ lù kò dé ìwọ̀n yìí. Lọ́yà lè rí ọ̀nà láti gbà á là gẹ́gẹ́ bí àdéhùn láti gba ilé, àmọ́ ìyẹn náà yóò padà sórí ọ̀rọ̀ àṣẹ.

Ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ní agbára. Abala 101 CAMA gbà á, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gbà á, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2015 náà gbà á, yàtọ̀ sí àwọn ìwé kan bí ìwé ìhágún. Ohun tí wọ́n ń bi yín kò yí padà: ta ló tẹ̀ ẹ́, ta ló sì fún un láṣẹ? Ímeèlì tó ti orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ jáde sàn ju ti Gmail lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ WhatsApp lè jẹ́ ẹ̀rí bí ẹ bá lè fi hàn ẹni tó kọ ọ́.

Ìbuwọ́lùwé ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lórí wáyíbíìlì jẹ́ ẹ̀rí pé ọjà dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má retí pé ó gba àwọn àdéhùn tuntun tí ẹ tẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí owó bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀

Kì í ṣe gbogbo dúrọ́ọ̀mù dísẹ́ẹ̀lì kan ni a ó torí rẹ̀ béèrè ìpinnu ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ fún ọjà kékeré, oníbàárà yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdéhùn bá pẹ́, tí owó rẹ̀ bá lè dá òwò yín dúró, tí kò bá jọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń ṣe, tàbí tó jẹ́ ìdúró fún gbèsè ẹlòmíràn, ẹ béèrè. Ìpinnu ìgbìmọ̀ tó dára yóò dárúkọ àdéhùn náà gan-an, iye owó rẹ̀, ẹni tó lè buwọ́ lù ú, àti bóyá òun nìkan ni, pẹ̀lú ọjọ́ ìpàdé. Kí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tàbí olùdarí jẹ́rìí sí ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ má gba ìwé yìí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń ṣèwádìí nípa rẹ̀. Ẹ kọ̀wé tààrà sí olú-iléeṣẹ́, ní àdírẹ́sì tí ẹ rí ní CAC. Lẹ́tà onílé wa lè lọ báyìí:

"Sí Olùdarí Àgbà. Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Máníjà ẹ̀ka yín ní Ìbàdàn ti bá wa sọ̀rọ̀ láti gba ilé ìkẹ́rùsí wa fún ọdún 5, ní iye owó tó wà nínú ìwé tí a fi mọ́ lẹ́tà yìí. Kí a tó kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìwé jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ yín ti fún un láṣẹ láti buwọ́ lu àdéhùn náà, àti bóyá ẹlòmíràn yóò bá a buwọ́ lù ú. A ó dúpẹ́ bí ẹ bá fi ẹ̀dà ìpinnu ìgbìmọ̀ olùdarí tó fún un láṣẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì yín."

Bí èsì kò bá wá, ẹ má kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé, tí ilé-iṣẹ́ wá ń sẹ́

Ẹ dá ọjà tó kù dúró ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ohun tó fi hàn pé ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà jọ: rìsíìtì báńkì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ímeèlì, wáyíbíìlì, àwọn LPO ìṣáájú tí ẹni kan náà buwọ́ lù tí wọ́n sì san láìjiyàn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lágbára púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń san owó ìwé tí máníjà kan ń buwọ́ lù láti ọjọ́ pípẹ́ ti kọ́ yín pé ìbuwọ́lùwé yẹn tó.

Ẹ tún wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà. Ẹni tó jo dísẹ́ẹ̀lì tán nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ bó ṣe dé, tàbí tó kó ẹrù sínú ilé ìkẹ́rùsí tó ní òun kò gbà, ti fi ìwà rẹ̀ gba àdéhùn náà.

Lẹ́tà ìbéèrè owó ló tẹ̀ lé e, sí ilé-iṣẹ́, kì í ṣe sí máníjà. L'Ékòó, ilé-ẹjọ́ kékeré fún gbèsè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ sì lè lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù, nítorí ọdún 6 ni òfin fún ẹjọ́ àdéhùn lásán ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Bí ó bá hàn gbangba pé máníjà kò ní àṣẹ kankan, tí ilé-iṣẹ́ sì yọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ lè mú máníjà fúnra rẹ̀, torí pé ó fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tó ní àṣẹ tí kò ní. Ohun tí òfin kò sọ ni ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti rí owó ilé ìkẹ́rùsí ọdún 5.

Fún ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, àti fún òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó lè buwọ́ lu kí ni, títí dé iye wo, kí ẹ sì fi í tó àwọn oníbàárà létí; òfin inú ilé tí ẹ fi pamọ́ sínú dúróà kò lè dáàbò bò yín lọ́wọ́ àlejò tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ ìlànà ìbuwọ́lùwé sára LPO. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó máa ń buwọ́ lùwé bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gba òǹtẹ̀ àti bébà olórúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti ímeèlì rẹ̀ pa, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó máa ń bá a ṣòwò ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Títí wọn yóò fi gbọ́, lójú tiwọn, aṣojú yín ni.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun láìkọ ipò yín àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe é fún. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ buwọ́ lu ohun tó ju iṣẹ́ yín lọ, ẹ fi ímeèlì kékeré kan ránṣẹ́ sí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pa á láṣẹ, mo fẹ́ buwọ́ lu ìwé báyìí-báyìí," kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó ṣe é.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lẹ́yìn odi

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ọdún 2006 ló ń ṣiṣẹ́. Ó gbà kí ẹni tó ní àṣẹ, ní tààrà tàbí lọ́nà tí a fòye mọ̀, dá àdéhùn fún ilé-iṣẹ́, orúkọ àwọn olùdarí sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íkànnì Companies House. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, òfin OHADA, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò fún òwò, ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa: ẹni tí a yàn láti máa darí ilé-iṣẹ́ ní agbára tó kún láti dè é lójú àlejò, ilé-iṣẹ́ kò sì lè fi ìdíwọ́n tó wà nínú ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ sá fún àlejò tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ń kó ọjà lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnu fún ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ SARL (irú kọ́ńpánì Limited tiwọn), ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ RCCM rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ẹni tó fẹ́ buwọ́ lùwé ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gérant, ìyẹn ẹni tí a yàn láti darí ilé-iṣẹ́. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ béèrè ìwé tí gérant fi fún un láṣẹ.